Ẹ Ma Da Omi Si Soda

Ọwọ́ Títíladé wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ń po ọṣẹ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé wọn ní Lálúpọn. Ìfẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nìyẹn: ìyá á máa po ọṣẹ, ọmọ á máa ka ohun tí àwọn aṣeọṣẹ ẹlẹgbẹ́ wọn kọ sórí Wasáàpù sí i létí.

"Ta ló tún kọ nǹkan?" Títíladé bi í.

"Ìyá Safwan ni. Wọ́n ní, 'Oshe to baro ju epo e lo po.'" Ìfẹ́olúwa rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ 'ọṣẹ'."

"Ṣé ohun tí wọ́n sọ yé ọ?"

"Ó yé mi. Ọṣẹ tó bá rọ̀ jù, epo rẹ̀ ló pọ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn. Ka èyí tó kàn."

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Títíladé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Safwan ló ti kọ́ ọṣẹ ṣíṣe, kó lè máa rí nǹkan fi kún owó oṣù. Ilé kéwú ni Ìyá Safwan lọ ní kékeré, kò pẹ́ nílé ìwé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe dún létí rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Síbẹ̀, bí ọṣẹ bá bàjẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, láti Mọ́níyà títí dé Akanran, òun ni wọ́n ń bi.

Ìfẹ́olúwa ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èdè Yorùbá tó o ní SS2. Kì í ṣi àmì ohùn fi. Àmọ́ kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ ní kíláàsì, títí di ọjọ́ tó ya àwòrán ọ̀rọ̀ Ìyá Safwan lójú fóònù, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, Jìmí, aláwàdà kíláàsì wọn, kì í jẹ́ kí àárọ̀ Mọ́ńdè kọjá kó tó béèrè pé, "Ìyá Oshe ńkọ́? Kí ni wọ́n tún kọ?" Gbogbo wọn á sì yí Ìfẹ́olúwa ká. Ó dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, Jìmí ní, "Ẹ̀yìn wọn lo kàn ti ń sọ ọ́. Tó bá dá ọ lójú, kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n rí i."

Ìfẹ́olúwa kọ ọ́. Ó fi fóònù ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé: "Kí ẹni tó fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ 'ọṣẹ'. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ wa." Orúkọ Títíladé ló jáde lórí rẹ̀.

Ẹnu kò kò mọ́ láàárín àwọn aṣeọṣẹ. Jonathan tó ń ta ọṣẹ ní Mọ́níyà kọ ọ́ pé ọṣẹ làwọn ń tà, àwọn kò ta ìwé. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, pé ìkọkúkọ máa ń jẹ́ kí àwọn oníbàárà fojú púrúǹtù wo gbogbo wọn. Ìyá Safwan kò dá sí i. Láti ọjọ́ náà, kò kọ nǹkan kan mọ́. Àwọn ènìyàn ń béèrè ìbéèrè, ìbéèrè ń wà níbẹ̀.

Ẹnu ẹni tó ń ta epo fún Títíladé ló ti gbọ́. Nígbà tó délé, kò pariwo.

"Orúkọ mi lo fi bú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́," ó wí. "Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Wọ bàtà ẹ, ká lọ."

Wọ́n lọ bẹ Ìyá Safwan. Ó ní ó ti tán, ọmọdé ni. Àmọ́ Títíladé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ ohunkóhun síbẹ̀ mọ́, kíkà nìkan ni kó máa kà.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ráhùn pé sódà, kẹ́míkà líle tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, kò yọ́ dáadáa, Ìyá Safwan tún kọ̀wé. Títíladé ń wọn epo lọ́wọ́, Ìfẹ́olúwa sì kà á sí i létí: "Ọyẹ́ ti dé. Ẹ má da omi sí sódà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́."

Ó kà á bó ṣe yẹ, torí pé ó mọ iṣẹ́ náà. Sódà ni wọ́n ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, yóò hó, yóò sì ta sí i lára. Àmọ́ ojú rẹ̀ padà sórí ohun tí wọ́n kọ gan-an: *E ma da omi si soda.* Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè kà á sí "ẹ máa dà á". Èyí kò dà bí "oshe", tí kò sẹ́ni tó lè ṣì í mú fún nǹkan mìíràn.

"Kí lo ń wò?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ìfẹ́olúwa rò ó. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó tún ti dé.

"Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì," ó wí, ó sì dojú fóònù délẹ̀.

Ní Akanran, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́runfúnmi. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó ń dúró de ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Kò tí ì pẹ́ tó wọ ẹgbẹ́ náà, kò sì lọ́gàá tó ń kọ́ ọ lójúkojú. Ojú fóònù nìkan ló ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bu sódà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì da omi lé e. Ó ru sókè, ó sì bó o láti apá dé ọrùn. Àwọn ará ilé da omi sí i lára títí kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Akíntáyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ fún àbúrò òun pé kó máa da omi sí sódà.

Ìyá Safwan dá a lóhùn: "Mo ni ki e ma da."

Akíntáyọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é, mà. Ó dà á."

Ìfẹ́olúwa ka ìyẹn náà. Nígbà tó yá, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó sì sọ fún un pé òun ti rí i pé wọ́n lè ṣì í kà kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Títíladé gbé ìkòkò kúrò lórí iná. "Mo ní o kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́," ó wí. "N kò sọ pé o kò gbọdọ̀ sọ fún mi."

Àwọn àti Ìyá Safwan jọ wọkọ̀ lọ sí Akanran. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Ìyá Safwan kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́runfúnmi. "Àfọwọ́fà mi ni," ó wí. "N kò mọ̀ pé ẹnìkan lè kà á báyẹn." Ìfẹ́olúwa náà sọ tirẹ̀, kò fi kankan pa mọ́.

Ọlọ́runfúnmi wò ó. "Ìwọ lo kọ̀wé nípa 'ọṣẹ' lọ́jọ́sí?"

"Èmi ni."

"Èyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, o pariwo lé e lórí. Èyí tó kàn mí, o dákẹ́."



Apá Ọlọ́runfúnmi san, ṣùgbọ́n àpá ọrùn rẹ̀ kò lọ. Kò padà sídìí ọṣẹ mọ́. Ìyá Safwan ṣì ń kọ̀wé bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ bó bá jẹ mọ́ ohun tó lè ṣeni léṣe, ó máa ń ní kí Ìfẹ́olúwa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfẹ́olúwa á pè é, á ní, "Ìyá, ṣé kí wọ́n ṣe é lẹ ń sọ ni, àbí kí wọ́n má ṣe é?" Ibi tó bá ní ìtumọ̀ méjì nìkan ló ń tún ṣe. Kò fi àwòrán kankan ránṣẹ́ sí Jìmí mọ́, àwọn tó ń yí i ká ní àárọ̀ Mọ́ńdè sì tú ká.

Àṣìkọ tí kò pa ìtumọ̀ lára kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dójú ti àgbà. Àṣìkọ tó lè pa ènìyàn lára kò sì ṣe é fojú fò. Ẹni tó bá mọ ìwé, tó sì ń fi ṣe ẹ̀sín, kò tí ì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì rí ewu nínú ohun tó kà, tó dákẹ́ nítorí ohun tí ayé máa wí, ti lọ́wọ́ nínú ohun tó bá ti ibẹ̀ yọ.