Kókó Tó Sá Pamọ́ Sáyà

Wẹ́dà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń jó irin, wọ yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun nílé ìwòsàn pẹ̀lú apá tó ṣẹ́ àti ètè tó là, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ta ló lù yín báyìí?” Obìnrin tí àwọn aláìsàn ń pè ní Àǹtí Fọ́tò ló bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní mò ń ṣọ̀lẹ níbi iṣẹ́. Àǹtí, ẹ yà mí dáadáa o, ojú mi kì í wú báyìí.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín, àmọ́ egungun tó rí nínú fọ́tò náà ti fẹ́lẹ́ jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí: ọ̀kan nínú kókó kéékèèké mẹ́rin tó yẹ kó wà lọ́rùn èèyàn láti máa tọ́jú egungun ti ya wèrè, ó ń fa agbára egungun sínú ẹ̀jẹ̀. Kí apá tó jinná, ìfẹ́ ti wọ àárín Wẹ́dà àti Àǹtí.

Dókítà kánjú, ó la ọrùn Wẹ́dà láìkọ́kọ́ ya fọ́tò ọrùn. Ó wá kókó náà tì. Ni ẹ̀gbọ́n bá búra pé ẹnikẹ́ni ò ní dú àbúrò òun bí ewúrẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ló máa ń ṣáájú ẹnu ẹ̀!

Wẹ́dà àti Àǹtí yọ́ lọ ya fọ́tò ọrùn náà. Àǹtí fún un lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń tàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yà á: lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ọrùn á tàn, tó bá pẹ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìyókù á kú, kókó burúkú nìkan lá ṣẹ́kù.

Wọ́n ń dúró de ìkejì nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wọlé. Ó fún Àǹtí lọ́rùn, ó kàn án mọ́ ògiri.

“Apànìyàn! O ò ní pa á!”

Wẹ́dà fò dìde, ó gbá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lágbọ̀n. Pàà! Àgbọ̀n kọ́ ló ṣẹ́ o, ìka Wẹ́dà ni.

Ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ Àǹtí. Wẹ́dà padà dùbúlẹ̀, omijé ń dà lójú ẹ̀. “Olólùfẹ́ mi, ya fọ́tò náà.”

Àǹtí yà á. Ọrùn ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn egungun àyà ni ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo wà.

“Ibẹ̀ ló sá sí!” Àǹtí ló kígbe.

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹlẹ̀. “Ṣé àrùn yìí ló ń ṣẹ́ ẹ légungun? Ṣé kì í ṣe èmi?”

“Àrùn ló sọ egungun ẹ̀ di ẹlẹgẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yín ló ṣẹ́ ẹ.”

Wọ́n yọ kókó náà láyà, egungun sì le padà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Wẹ́dà àti Àǹtí, ẹ̀gbọ́n lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Ọkọ ìyàwó lọ bá a, ó na ọwọ́ sí i.

“Ẹ dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó dì í mú, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, ó sì bú sẹ́kún.