Akèrègbè Tí Kò Ní Wàrà

Bí ẹ bá wọ ilé wa nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó jókòó dáadáa, tíì ti dé iwájú yín. Tíì tí a fi wàrà sè ni o, kì í ṣe omi tí a kàn kán wàrà sí. Ṣapátì gbígbóná ni yóò tẹ̀ lé e, búrẹ́dì pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun àlìkámà tí Priska, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, máa ń dín tí yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá ní ẹ ti yó, ẹ ti bú ìyàwó ilé nìyẹn.

Nínú ilé yìí ni èmi Rael dàgbà. Ní kékeré mi, ìyá mi Tapkigen ló ń fi èédú igi fọ inú akèrègbè kó tó da wàrà sínú rẹ̀, tí yóò dé e pa, tí yóò gbé e pamọ́ títí yóò fi kan. Mursik ni àwa Kalenjin ń pe wàrà kíkan yìí. Títí di òní, bí òórùn èédú yẹn bá ti ta sí mi nímú, àárò ìgbà ọmọdé mi á sọ mí débi pé omi á lé ròrò sójú mi.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lára wa nígbà tí inú Jelagat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ ilé wa.

Olùkọ́ ni Jelagat, ọmọge tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti rù kan eegun. Inú rẹ̀ á wú, á máa kùn, á sì máa sáré lọ sẹ́yìn ilé. Bó bá gun òkè kékeré, òòyì á kọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò kò sì jẹ́ kí ẹnu wọn sinmi. Àwọn kan ní ó lóyún, àwọn kan ní àrùn tí kò gbóògùn ni. Ó sì wá jẹ́ pé Kimeli, ọmọkùnrin tó fẹ́ fi í ṣaya, ti rán àwọn àgbà wá, a ti fẹnu kò sórí ọjọ́ ìdána. Ẹ̀rù tó ń ba Priska ni pé àwọn àna á rí ọmọ òun bó ṣe gbẹ, wọn á sì padà sẹ́yìn.

"Ṣé o ti mu wàrà lónìí?" Priska á bi í.

"Mo ti mu ún, Màmi."

"Mu sí i. Wàrà ló ń gbé ẹni tó rù dìde."

"Màmi, bí mo bá ti mu ún ni inú mi ń dà rú."

"Kí lẹnu ẹ ń sọ yẹn? Wàrà tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà? Ó wá di ọ̀tá ẹ lónìí?"

Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àgbo, mo fà á lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà tó wò ó ń jẹ́ Nekesa, obìnrin tí kì í kánjú. Kò tíì fọwọ́ kàn án lára tó ti bi í ní gbogbo ohun tó ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, ó ní ká lọ sí ọsibítù ńlá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀. Nígbà tí èsì pé, ó pè wá jókòó.

"Jelagat, àlìkámà ló ń bá ẹ jà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, àlìkámà ló yí ilé wa ká. Tó bá jẹ́ pé ó ń bá èèyàn jà, gbogbo Moiben níbí ì bá ti kú tán."

"Kì í bá gbogbo èèyàn jà, Màmá. Ìwọ̀nba ni wọ́n. Ẹ ṣáà mọ bí ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe máa ń fà tí ẹ bá ń pò ó? Èròjà kan ló ń jẹ́ kó fà, gúlútẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń pè é. Ara àwọn kan máa ń pe èròjà yẹn lọ́tàá. Bó bá ti dé inú ìfun wọn, ara wọn á gbógun tì í, ìfun wọn náà ló sì máa ń fara gbọgbẹ́. Ìfun tó gbọgbẹ́ kò lè gba oúnjẹ sára. Ìdí tí ọmọ yìí fi ń rù nìyẹn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì tó."

"Wàrà wá ńkọ́?" Jelagat béèrè.

"Ìfun tó ti gbọgbẹ́ kì í lè da wàrà. Fi wàrà sílẹ̀ ná, kí ọgbẹ́ yẹn jinná. Tó bá yá, a lè dán an wò díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àlìkámà àti ọkà báálì, títí ayé ni. Kò sí búrẹ́dì, kò sí ṣapátì, kò sí mandasi díndín."

"Ẹ fún wa lóògùn rẹ̀, Dókítà," ni mo wí.

"Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀."

Nígbà tí a délé tí a ròyìn, Priska káwọ́ lérí. "Ta ló máa fẹ́ ọmọ Kalenjin tí kì í mu wàrà? Kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣapátì, kò gbọ́dọ̀ mu tíì. Kí ló wá kù tó máa jẹ? Atẹ́gùn?"

Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń rẹ́rìn-ín. "Priska, ṣé ṣapátì ni wọ́n fi tọ́ èmi?"

"Ìyá, ìgbà yẹn kọ́ la wà yìí."

"Mo mọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oko òyìnbó ni àlìkámà wà. Àwọn bàbá wa ń bá wọn kórè rẹ̀ ni, a ò mọ bó ṣe ń dùn lẹ́nu. Òkèlè jéró là ń jẹ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kíkorò. Ògì jéró là ń mu lọ́wọ́ àárọ̀. Wo eyín mi! Mélòó ló yọ níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rántí ìgbà tí èmi náà ń jókòó ti iná yẹn, tí òkèlè pupa ń jó mi lọ́wọ́, tí mi ò sì lè dúró kó tutù. Ìgbà wo la tiẹ̀ fi í sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Búrẹ́dì dé, ó rọrùn, ó funfun, a sì sọ jéró di oúnjẹ arúgbó.

Bí Jelagat ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dán oríṣiríṣi wò nìyẹn. Ó rẹ ẹ̀pà tútù mọ́jú, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó fi omi rẹ̀ se tíì. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ṣé tíì nìyí àbí ọbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ fi ṣúgà sí i."

"Mo ti fi sí i. Ó ti di ọbẹ̀ aládùn."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ó fi omi àgbọn dán an wò, àgbọn tí a rin tí a sì fún. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àgbọn wọ́n níbí, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbẹ̀yìn, tíì dúdú pẹ̀lú atalẹ̀ ló wá di tirẹ̀. Ó tún fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti ti ọkà bàbà ṣe ṣapátì. Àkọ́kọ́ fọ́ yángá nínú páànù bí amọ̀ gbígbẹ. Ó wá rí i pé omi híhó ni kó fi pò ó, kì í ṣe omi tútù. Èyí tó ṣe lẹ́yìn náà dì mọ́ra, gbogbo wa sì jọ jẹ ẹ́.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti yàrá rẹ̀. Priska ń yọ̀, ó ń ka ọjọ́ ìdána lọ́kàn.

Àfi bí ìkórè ṣe parí tí àìsàn náà gbé orí dé. Inú wú. Òòyì dé. Priska fi ẹ̀sùn kan ọmọ.

"O lọ jẹ búrẹ́dì níbi iṣẹ́, àbí?"

"Màmi, mi ò jẹ nǹkan kan! Jéró nìkan ni!" Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ó ti sú mi. Bí jéró náà bá ń bá mi jà, kí n kúkú kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ lọ jéró mìíràn, mo bá Priska lọ sílé ẹ̀rọ. Ìyá Chesang ló wà níwájú wa, àpò àlìkámà tuntun ló gbé wá. Nígbà tó lọ tirẹ̀ tán, ẹlẹ́rọ ò pa á, ó da jéró tiwa lé e lórí. Jéró tiwa pupa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyẹ̀fun tó kọ́kọ́ jáde sínú igbá wa funfun báláú.

Ẹ ò sì ní bá ẹlẹ́rọ wí. Ní tiwa, ìyẹ̀fun tí ẹnìkan fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, èènì ẹni tó tẹ̀ lé e ni. A máa ń dúpẹ́ ni. Priska gan-an ti ń sọ pé, "Ẹ ṣeun o, Ìyá Chesang," kó tó rí ojú mi.

"Priska, wo igbá."

Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Èmi ni mò ń gbé e fún un," ó wí. "Ọwọ́ mi yìí."

"O ò mọ̀ ni. Dìde."

Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi mú wa lọ sí ilé ìdáná àtijọ́, níbi tí adìẹ ń sùn. Ó ní ká tú koríko tó wà ní igun. Ọlọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọlọ tó ti jẹ sínú nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀ àti ọwọ́ tirẹ̀. A fọ̀ ọ́. Nígbà tí Jelagat kúnlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀, tí ìró yẹn jáde, ìró tó máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà ọmọdé, n kò lè pa á mọ́ra. Mo sunkún. Ìyá mi ń fetí sí i.

Kò pẹ́, ara ọmọ balẹ̀.

Ó wá ku ìdána. Ní tiwa, bí ọ̀rọ̀ bá ti yọrí, akèrègbè mursik á jáde, àwọn méjèèjì tó fẹ́ fẹ́ra á mu níbẹ̀ níṣojú gbogbo ẹbí. Ẹni tí kò bá mu ún, ó ti kọ ilé nìyẹn.

"Kó kàn fi kan ètè," Priska ń bẹ̀ mí. "Rael, jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè pa á."

Jelagat ló dá a lóhùn. "Màmi, kò ní pa mí. Àmọ́ bí mo bá díbọ́n lónìí, ọ̀la ńkọ́? Ọjọ́ tí mo bá dé ilé wọn tí wọ́n gbé ṣapátì fún mi, ṣé màá tún fi kan ètè? Ìgbà wo ni màá wá là á?"

Priska yíjú sí ìyá mi.

Ìyá mi ló yanjú ẹ̀. "Lọ́dún tí àrùn pa màlúù wa tán, ìyá mi ò jẹ́ kí akèrègbè gbẹ. Ògì jéró ló ń dà sínú ẹ̀. Ẹ bá mi wá akèrègbè tuntun, tí wàrà ò tíì kàn."

Lọ́jọ́ náà, ilé kún. Arap Sitienei, àbúrò bàbá Kimeli, ló ń gbẹnu sọ fún àwọn àna, arúgbó tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Akèrègbè méjì jáde. Ó wò wọ́n.

"Ọmọ wa, kí ló dé tí tìẹ fi dá wà?"

Priska tẹjú mọ́lẹ̀. Jelagat dìde.

"Bàbá, kò sí wàrà nínú ẹ̀. Ògì jéró ni. Àìsàn kan wà tí kì í jẹ́ kí n jẹ àlìkámà títí ayé, ó sì ba ìfun mi jẹ́ débi pé n kò tíì lè mu wàrà. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá máa fẹ́ mi, tìfuntìfun ni kí ẹ fẹ́ mi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Arap Sitienei ò tíì sọ nǹkan kan tí Tapsubei, ìyá Kimeli, fi dìde lórí àga.

"Ẹ gbé akèrègbè ọmọ yẹn fún mi."

Ó mu ún. Ó dúró. Ó tún mu ún, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti rọ.

"Láti ìgbà tí mo ti di ìyá ọmọ," ó wí, "ni wàrà ti ń dà mí nínú rú. Mò ń mu ún níwájú yín, mò ń lọ jẹ̀rora lẹ́yìn ilé. Mo rò pé èmi nìkan ni ní gbogbo ilẹ̀ Kalenjin."

Arap Sitienei yí padà sí i. "Tapsubei! Gbogbo ìgbà tó o máa ń ní o fẹ́ lọ wo ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ wo? Ẹ ti rí ewúrẹ́ nílé mi rí?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Tapsubei ò rẹ́rìn-ín. Ó di Jelagat lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, o ní ìgboyà tí mi ò ní. Ìkòkò tìẹ á wà lọ́tọ̀ nílé wa. Èmi ni màá máa ṣọ́ ọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí tí ẹgbẹ́ ìlera àwa obìnrin fi ní kí n sọ ìtàn yìí nìyẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bí inú yín bá ń wú lemọ́lemọ́, tí ẹ ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, ẹ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má kọ́kọ́ fi àlìkámà sílẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó lọ, torí àyẹ̀wò lè má rí àìsàn náà mọ́. Ẹ má sì fi ti ẹnìkan wo ti ẹlòmíràn: nígbà tí Tapsubei lọ rí Dókítà Nekesa, wàrà nìkan ni ìṣòro tirẹ̀, ó ń jẹ ṣapátì rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ má gba wàrà lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera sọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí àlìkámà kọ̀, oúnjẹ ò tán láyé. Jéró wà, ọkà bàbà wà, àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, ànàmọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ilé ẹ̀rọ. Ẹ lọ tiyín nílé, tàbí kí ẹ wá ẹ̀rọ tí kì í lọ àlìkámà rárá. Ẹ ya páànù àti asẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí kì í mu wàrà, kó máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, ẹ̀fọ́ àti yànmọ̀tí, kí egungun rẹ̀ lè le.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin ìyàwó ilé ni mò ń bá wí. Tíì yín dùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bu nǹkan síwájú àlejò, ẹ bi í pé, "Kí ni inú rẹ gbà?" Kò bu iyì ilé kankan kù. Ẹnìkan wà tó ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.