Ìjókòó Kejìdínlógún

Morìnsọ́lá Ọlátúbọ̀sún ka àwọn ènìyàn tó ń dúró de ọkọ̀ ní oríta Ìtàjí fún ọjọ́ mẹ́fà. Oṣù Kẹfà ọdún 2002 ni. Ó kó ẹkùrọ́ sí àpò ọ̀tún. Bí èrò kan bá dé, yóò mú ẹkùrọ́ kan láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì.

Ọjọ́ kẹrin ni Olúkáyọ̀dé Adétúnjí rí i. Ó ń wa bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ bọ̀ láti Ìkọ̀lé. Obìnrin náà ga, ó dúró ṣánṣán nínú oòrùn, eruku pupa ti bo bàtà rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Káyọ̀dé tẹ bíréèkì.

"Ẹ wọlé, Àǹtí. Ó ku ẹnì kan."

"N kò lọ ibì kankan."

"Kí wá ni ẹ ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin. Èrò mẹ́tàdínlógún ni ẹ kó. Mo ti kà yín."

"Ẹ kà mí mọ́ wọn?"

"Dírẹ́bà kì í ṣe èrò."

"Ó mà dùn mí o!"

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Morìnsọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé iye tó wà lórí rẹ̀. Ó ní láti da ẹkùrọ́ sílẹ̀ kí ó tún un kà.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, bọ́ọ̀sì náà dé láìsí èrò kankan nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ yín ṣófo," ni Morìnsọ́lá wí.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ wò."

Morìnsọ́lá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀kan nínú wọn, Peace, pàdánù ìdánwò ní Ìdó, nítorí pé ọkọ̀ tó wọ̀ ní Ọ̀yẹ́ dúró fún wákàtí méjì kí ó tó kún. Láti Ìtàjí dé Ìdó, ọkọ̀ mẹ́ta ni ènìyàn ń wọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ń dúró kí ó kún. Morìnsọ́lá fi igi fa àyíká sílẹ̀: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Orin, Ìsàn, Ayédé, Ìtàjí, Ìkọ̀lé.

"Ọkọ̀ kan yóò máa yí i ká. Agogo ni yóò máa tẹ̀ lé. Bí ó kún, bí kò kún, yóò lọ."

Káyọ̀dé wo àyíká náà pẹ́. "Tíṣà, ẹ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?"

"N kò mọ̀."

"Bàbá mi ni alága àwọn awakọ̀ ní Ìkọ̀lé. Òun ló ń pín tọ́ọ̀nù, tó ń sọ ọkọ̀ tí ó kàn láti kó èrò. Ọgbọ̀n ọdún, ọkọ̀ kan kò kúrò ní gáréèjì yẹn láìkún."

"Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti ní àwọn kò lè ṣe é láìsí ìfọwọ́sí alága awakọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ bá a nígbà náà."

Wọn kò lọ lọ́jọ́ náà. Káyọ̀dé ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ọ̀nà. Wọ́n wọn ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Ní òpin rẹ̀, kò sí "ẹ̀yin" mọ́ láàárín wọn. Morìnsọ́lá ń pè é ní Káyọ̀dé. Káyọ̀dé ń pè é ní Olólùfẹ́ mi oníṣirò, bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́.

Adétúnjí, bàbá Káyọ̀dé, ka lẹ́tà tí Morìnsọ́lá kọ nípa ọkọ̀ àyíká náà lẹ́ẹ̀mejì lórí àga rẹ̀ ní gáréèjì.

"Ọkọ̀ tó bá gbéra kí ó tó kún, wèrè ló ń wà á."

"Bàbá, èmi ni mo fẹ́ wà á," ni Káyọ̀dé wí. "Mo sì fẹ́ fẹ́ ẹni tó kọ ọ́."

Bàbá wo Morìnsọ́lá, tó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún yín. Bí ọkọ̀ bá padà wọ gáréèjì yìí ní ọjọ́ Sátidé láìsí ìjókòó tó ṣófo, n ó fọwọ́ sí i, n ó sì tẹ̀ lé Káyọ̀dé lọ tọrọ rẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ. Bí ìjókòó kan bá ṣófo, ẹ ya lẹ́tà yìí, kí ìwọ má sì dé ilé mi mọ́."

Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Morìnsọ́lá ni ó ṣe kọndọ́kítọ̀. Ní àárọ̀ Mọ́ńdé, èrò mẹ́wàá wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ké pe èrò tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi há kí wọ́n tó dé Ọ̀yẹ́.

"O ń pe orúkọ ìlú bí ẹni ń pe rẹ́jísítà," ni Káyọ̀dé wí.

"Ojú ọ̀nà ni kí o máa wò."

Ní Túsìdé, Beatrice, ẹ̀gbọ́n Adétúnjí, tó ń ta epo pupa ní Ìtàjí, gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà wá sí oríta.

"Ṣé ọkọ̀ yìí ń dé Ayédé?"

"Ó ń dé ibẹ̀, Màmá," ni Morìnsọ́lá dáhùn.

Káyọ̀dé rò pé ọ̀dọ̀ bàbá òun ní Ìkọ̀lé ni ó ń lọ, kò sì bi í. Ayédé kò ju máìlì díẹ̀ lọ sí Ìtàjí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó wà. Ọkọ̀ gbé Beatrice gba Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Orin àti Ìsàn kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n. Morìnsọ́lá kò lè gbé ojú sókè wò ó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gáréèjì ti gbọ́. Àwọn awakọ̀ ń kígbe pé, "Ta ló ń lọ sí ilé kejì? Ẹ gba Ìdó!" Ní Tọ́sìdé, èrò mẹ́rin péré ni ó wọlé.

"Àṣìṣe mi ni," ni Morìnsọ́lá wí. "Àyíká ni mo yà. N kò rántí ẹni tó fẹ́ lọ sí ẹ̀yìn."

"Ọkọ̀ kejì ni ó kù, tí yóò máa kọjú sí ìhà kejì."

"Ta ni yóò fún wa?"

Káyọ̀dé di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Ìtàjí.

Ní Fúráìdé, Beatrice wá sí gáréèjì fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni Adétúnjí wí. "Wọ́n ní ọmọ mi gbé yín ká gbogbo ayé."

"Ta ló ń bínú? Ogójì ọdún ni mo fi ń bẹ àwọn ará Ayédé kí wọ́n ra epo. Ní Ìdó, kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n ti ra kẹ́ẹ̀gì márùn-ún lọ́wọ́ mi. Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wa. Lọ́la, a ń lọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ yí ká bí mo bá ń lọ sí Ayédé. Gbé ọkọ̀ rẹ àtijọ́ jáde, kí ó máa kọjú sí ìhà kejì."

"Ta ni yóò wà á?"

"Ìwọ. Àbí ìjókòó orí àga ti mú ọ gbàgbé?"

Ní agogo méje àárọ̀ Sátidé, Káyọ̀dé kọjú sí Ọ̀yẹ́, bàbá rẹ̀ sì kọjú sí Ìtàjí pẹ̀lú èrò mẹ́ta. Gbogbo awakọ̀ dìde dúró láti wò ó. Àwọn tó ní epo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ń dúró dè wọ́n ní gbogbo oríta. Nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì pàdé ní Ìsàn, àwọn méjèèjì kún. Adétúnjí tẹ fèrè, kò dúró.

Ní Ìtàjí, ìyá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ Káyọ̀dé. Kò sí ẹlòmíràn ní oríta. Ìjókòó kan ṣófo.

"Jókòó síbẹ̀," ni Káyọ̀dé wí.

"Kọndọ́kítọ̀ kì í ṣe èrò. N kò ní í rẹ́ bàbá rẹ jẹ."

"Sọ̀kalẹ̀, nígbà náà."

Ó sọ̀kalẹ̀. Káyọ̀dé yọ orí síta ní fèrèsé.

"Ẹ wọlé, Àǹtí. Ó ku ẹnì kan."

Morìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Níbo ni ẹ ń lọ?" ni Káyọ̀dé bi í.

"Ìkọ̀lé. Ilé bàbá yín."

"Àlọ àti àbọ̀ ni?"

"Àlọ nìkan."

Àwọn èrò hó yèè. Ó san owó ọkọ̀ pé, ó wọlé, ó sì jókòó.

Adétúnjí ti ṣáájú wọn dé gáréèjì. Ó ka orí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé orí kejìdínlógún, ó dúró.

"Ìwọ náà sanwó?"

"Mo sanwó, Bàbá."

"Gbogbo wa la rí i!" ni àwọn èrò pariwo.

Adétúnjí béèrè fún bírò.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ilé ìjọsìn Áńgílíkà ní Ìtàjí ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kìíní, ọkọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ká, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà, Peace wọ ọkọ̀ agogo méje ní Ìtàjí, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Ìdó.