Àsíá Nice àti Sùtánà Mẹ́rin

Ìtẹ́olúwa na àsíá náà sókè ní pálọ̀ wa ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní kíláàsì dánra wò fún màmá mi.

"Àsíá ìlú Nice nìyí. Idì pupa tó dé adé ló dúró lórí òkè mẹ́ta, òkun sì wà nísàlẹ̀. Àwọn Gíríìkì ló tẹ ìlú náà dó. Ó pẹ́ lábẹ́ ìdílé ọba Savoy, ọdún 1860 ló tó di ti Faransé títí dòní. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun dó tì í lọ́dún 1543, obìnrin alágbàfọ̀ kan, Catherine Ségurane, fi igi ìfọṣọ lu ọmọ ogun ọ̀tá, ó sì já àsíá gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Orí ẹ pé, ọmọ mi!" ni màmá mi wí. "Ìlérí, ṣé ò ń gbọ́? You better learn from your cousin o."

Kí n kọ́ kí ni? Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí ti dé láti Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kàwé. Nice àti Houston ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ tipẹ́, ilé-ìwé wa sì fẹ́ rán ọmọ kan ṣoṣo lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé àsíá tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá lọ́jọ́ Ajé, tó sì sọ ìtàn ìlú náà dáadáa jù, ló máa lọ. Odindi ọdún kan ni mo ti ń retí ìrìnàjò yìí, mo sì ti ṣe àsíá tèmi parí. Ìtẹ́olúwa dé, ó gba ìdajì yàrá mi, ó gba ìyá mi, ó tún fẹ́ gba Nice. Mo jowú rẹ̀ gidigidi.

Lọ́sàn-án Sátidé, òun àti màmá mi lọ ra nǹkan ọbẹ̀. Mo mú àsíá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé aṣọ pupa tó fi gé idì yẹn kì í ṣe ojúlówó, omi gbígbóná á mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, á sì bà á jẹ́. Bí mo ṣe ṣí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo gbọ́ ìró mọ́tò dádì mi níta. Mo ju àsíá náà sínú ẹ̀rọ láìwò, mo tẹ omi gbígbóná, mo sì sá wọ yàrá.

Ká ní mo wò ni, ǹ bá rí i pé màmá mi ti rẹ sùtánà funfun àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀ pẹ̀lú búlúù tó ń mú aṣọ funfun tàn, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Aládùúrà ni wá, a kì í wọ pupa rárá. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni wọ́n fẹ́ ta òróró sí dádì mi lórí fún oyè ìjọ tó ti ń retí láti ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, sùtánà funfun sì ni wọ́n fi ń gbà á.

"Yéè! Mo gbé!" Nígbà tí wọ́n dé, igbe màmá mi ló gbé mi jáde. Sùtánà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àsíá Ìtẹ́olúwa sì wà láàárín wọn. "Ìtẹ́olúwa! Ta ló ní kó o kó pupa sínú sùtánà?"

Ìtẹ́olúwa kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Bóyá mo gbàgbé ẹ̀ sáàárín aṣọ tó dọ̀tí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi padà sí Àjàṣẹ́."

Ó gbà pé òun ló jẹ̀bi! Bí mo bá dákẹ́, ọ̀nà Nice ti là fún mi nìyẹn. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ojú tì mí gan-an.

"Mọ́mì, Dádì, èmi ni. I did it. Mo ń jowú ẹ̀ ni."

Dádì mi kò pariwo. Ó gbé sùtánà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó. "Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ìwọ lo da tòní, Ìlérí, èmi ló tọ̀ wá."

Dádì mi ga ju gbogbo ọkùnrin ìjọ wa lọ, kò sí sùtánà ẹnikẹ́ni tó bá a mu. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ta òróró sí àwọn yòókù lórí, dádì mi sì jókòó sẹ́yìn nínú ṣẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àsíá tèmi fún Ìtẹ́olúwa, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún tíṣà, tíṣà sì gbà kó lò ó. Ìtẹ́olúwa ni wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, owú tún gún mi láyà, mi ò ní parọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tí owú kì í kí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó rán yín níṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo jẹ́ fún un kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, bàbá mi sì máa dúró fún odindi ọdún kan sí i.