Àwòrán Ọjọ́ Ogbó

Àgádágodo ò bàjẹ́, ilẹ̀kùn ò fọ́, ṣùgbọ́n yàrá ìpamọ́ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn àwọn ayàwòrán ti ṣófo. Gbogbo àwòrán tí Ìyá Ayàwòrán dojú wọn kọ ògiri níbẹ̀ ti lọ. Ìyá náà jókòó sórí àpótí ọ̀dà, ó ń nu ojú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Dókítà ti sọ pé bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́sẹ̀ yìí, ojú náà yóò fọ́ pátápátá. Àwọn àwòrán yẹn ni ìbá fi sanwó abẹ, ẹni tí yóò rà wọ́n sì ń bọ̀ lọ́la.

"Àbúrò mi ni!" ó ké mọ́ ọlọ́pàá lójú gbogbo èèyàn. "Òun nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà kéré lára, Abẹ́rẹ́ sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn olè tó ti fojú kékeré wò ó ti wá mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó fọwọ́ kan ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá náà.

"Mà, báwo ni mo ṣe máa dá àwọn àwòrán náà mọ̀ bí mo bá rí wọn?"

"Ẹ ò ní rí orúkọ mi lára wọn. Lọ́dọọdún ni mo máa ń yọ èyí tó dára jù sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ogbó, bí Tíṣà tó ń kọ́ wa ní gbọ̀ngàn yìí ṣe sọ. Èyí tí mo bá gbé síta ni mo máa ń kọ orúkọ sí. Ìwọ̀nyí, rárá o. Bí mi ò bá tíì kọ orúkọ sí i, tèmi ni. Ọjọ́ tí mo bá kọ ọ́, ó ti di ti ẹni tó rà á."

"Ta ló mọ èyí?"

"Èmi àti àbúrò mi tó ń bá mi kan férémù. Mi ò sọ fún Tíṣà gan-an, kó má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Àbúrò náà wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, òòlù lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Orí ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ bí mo bá ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Gbogbo ẹni tó ń wá sí kíláàsì ló ń rí i níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ọmọ ìyá mi ló pè mí lólè, ọ̀gá. Ẹyin lohùn. Tó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn." Ó gbá ìṣó tó ń kàn mọ́ férémù, ìṣó náà wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Tíṣà ló kù. Òun ló ń kọ́ àwọn ayàwòrán bí wọ́n ṣe ń dá iye lé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan de ọjọ́ iwájú. Ẹ̀wù rẹ̀ gún régé, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Ó ń nu pátákó ìkọ̀wé nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé.

"Ẹ ti wọ yàrá ìpamọ́ yẹn rí?"

"Láéláé! Inú gbọ̀ngàn níbí ni iṣẹ́ tèmi mọ. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó yà sára wọn." Ó mi orí. "Bí ikú ilé ò bá pani, ọ̀gá, tòde ò lè pani. Ẹ lọ bi àbúrò ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé olè yẹn á ti tà wọ́n kílẹ̀ tó mọ́."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Tà á fún ta? Ta ló máa fowó gidi ra àwòrán tí ò lórúkọ lára? Iṣẹ́ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e."

Abẹ́rẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ìyá náà àti àbúrò rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, kí ìyá gbọ́."

Aṣọ ìnupátákó bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

"Gbogbo àwòrán ìyá yìí tí ayé ti rí ló lórúkọ lára," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìwọ̀nyí nìkan ni kò ní, wọ́n sì dojú kọ ògiri. Ẹni tí kò bá yí wọn padà kò lè mọ̀. Àbúrò wọn mọ̀, kò sì sọ pé òun ò dé ibẹ̀ rí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò dé ibẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé wọn ò lórúkọ lára. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín tó wà níta wá."

Inú búùtù ọkọ̀ Tíṣà ni àwọn àwòrán náà wà, aṣọ ìbùsùn ni wọ́n fi dì wọ́n. Tíṣà ti kọ orúkọ ìyá náà sára ọ̀kan, ọ̀dà dúdú náà ò tíì gbẹ.

Tíṣà kúnlẹ̀. "Gbogbo yín ni mo kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú nǹkan. Èmi fúnra mi ò tọ́jú nǹkan kan. Ọjọ́ ogbó tèmi náà ti dé."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi, Tíṣà," ni ìyá náà wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ǹ bá fún yín ní ọ̀kan."

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yòókù mú Tíṣà lọ, ìyá náà fi àkísà nu orúkọ èké náà kúrò. Ó mú búrọ́ṣì láti kọ orúkọ tirẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá rà á lọ́la, ó na ọwọ́ síbí, ó nà án sọ́hùn-ún, kò rí igun àwòrán náà.

"Àbúrò mi," ó ní, "mo pè ọ́ lólè lójú gbogbo ayé. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, mi ò rí ibi tí màá kọ ọ́ sí."

Àbúrò náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ṣì ń dùn mí o, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Ó gbé òòlù kalẹ̀, ó wá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rọra gbé e lọ sí igun àwòrán náà. "Ibí ni. Ẹ máa kọ ọ́, mo dì yín mú."