Oògùn Tí Àǹtí Dá Dúró

"Dókítà Kékeré, wá bá mi wo ẹsẹ̀ mi," Àǹtí wí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí irin tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó nà án síwájú.

Dókítà Kékeré tí à ń wí yìí, ọdún kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní yunifásítì tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Kò tíì tọ́jú aláìsàn kankan rí. Ohun tó mọ̀ kò ju orúkọ egungun àti iṣan lọ, inú ìwé ló sì ti mọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n lójú àdúgbò, ó ti di dókítà láti ọjọ́ tí ó ti wọ yunifásítì. Bó bá ti wálé fún ìsinmi báyìí, ẹni tí orí ń fọ́ á wá, ẹni tí inú ń run á wá, ẹni tí nǹkan kan ò ṣe pàápàá á wá bá wọn jókòó. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ò tíì débẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ àwọn. Orúkọ náà ń dùn mọ́ ọn.

Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Iṣẹ́ aránṣọ ni Àǹtí ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì rán aṣọ funfun tí ọmọ náà ń wọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ló fi rán gbogbo ihò bọ́tìnnì rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ kò mọ iyì dókítà. Aṣọ ọ̀hún ni Dókítà Kékeré wọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú ooru tí gbogbo ènìyàn ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Ẹ ò rí nǹkan? Aṣọ iṣẹ́, nílé, nígbà ìsinmi! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ Àǹtí. Ó wú lóòótọ́, ibi tó tẹ̀ sì jìn wọnú.

"Láti ìgbà tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ni," Àǹtí wí. "Nọ́ọ̀sì ní n ò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan fò ó. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó wú báyìí, báwo ni n ó ṣe fi tẹ ẹ̀rọ? Ṣé mo lè dá oògùn náà dúró?"

Àwọn oníbàárà tó ń dúró de aṣọ wọn yíjú sí i. Ọmọ-iṣẹ́ àgbà, ọmọbìnrin ẹlẹ́nu mímú kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá-Ò-Sí-Ńlé, dá àlùmọ́gàjí dúró sí àárín aṣọ tó ń gé.

Dókítà Kékeré kò mọ̀ ọ́n. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó kọ́ wọn nípa oògùn. "N kò mọ̀" ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àmọ́ ó wo ojú àwọn oníbàárà, ó sì gbé e mì.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ yín ná," ló wí. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ó dì í mọ́ Àǹtí lápá. Ẹ̀rọ náà kùn, ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì jáde. Nọ́ńbà náà dára, kò ga rárá.

Ó tún ohùn ṣe. "Ẹ̀jẹ̀ yín ti rọlẹ̀. Oògùn ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, kí lẹ tún ń lò ó fún? Ẹ fi í sílẹ̀ ná, kí ẹsẹ̀ yín lè padà sí bó ṣe wà."

"Ẹ wo bí ìwé ṣe dára!" oníbàárà kan kígbe.

"Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì?" Ọ̀gá-Ò-Sí-Ńlé wí.

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa wá kọ́ dókítà mi níṣẹ́?" Àǹtí dá a lóhùn. "Gé aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ, jàre." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí kò kàn tètè fọ́ ni. Ẹsẹ̀ Àǹtí fẹ́lẹ́ padà láìpẹ́, ó ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń kọrin, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọmọ òun ti wo òun sàn. Tayọ̀tayọ̀ ni Dókítà Kékeré fi padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Ilé ìkàwé ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ọ̀gá-Ò-Sí-Ńlé pè é lórí fóònù. Ẹlẹ́nu mímú ọ̀hún kò rí ọ̀rọ̀ sọ tán. "Ọ̀gá ń gé aṣọ lọ́wọ́, àlùmọ́gàjí bá bọ́… wọ́n fẹ́ pè mí, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan… Jọ̀ọ́, máa bọ̀ ní ọsibítù."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí Dókítà Kékeré débẹ̀, apá ọ̀tún Àǹtí kàn nà gbalaja sórí ibùsùn, kò lè gbé e. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tó ti hewú, dúró tì í.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ yín ga kọjá ààlà. Wọ́n fún yín lóògùn tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ń lò ó?"

Àǹtí wo ọmọ rẹ̀, ó sì wo dókítà. "Mo… gbà… gbé," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbàgbé? Ẹ̀mí ara yín lẹ gbàgbé!" Dókítà bá a wí níṣojú gbogbo wọ́ọ̀dù. Àwọn aláìsàn yòókù ń mi orí, Àǹtí sì dorí kodò bí ọmọ iléèwé. Dókítà Kékeré dúró níbẹ̀. Ẹnu tó ń já geere ní ṣọ́ọ̀bù ti kú.

Nígbà tí dókítà kúrò, ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn. "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́ nítorí mi?"

"Wọn… á… lé ọ," Àǹtí wí. Ó mí díẹ̀. "Iṣẹ́ tèmi… ti lọ. Kí tìrẹ… má lọ."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó dìde, ó sáré tẹ̀ lé dókítà, ó bá a níbi tó ti ń fọwọ́.

"Mà, wọn ò gbàgbé. Èmi ni mo ní kí wọ́n dá a dúró." Ó rò ó látòkè délẹ̀. Dókítà ti omi ẹ̀rọ náà, ó kọjú sí i.

"Ọdún wo lo wà?"

"Ìkejì, mà."

"Ṣé wọ́n ti kọ́ yín nípa oògùn?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tó ò sọ pé o ò mọ̀? Èmi tí mo ti hu ewú sídìí iṣẹ́ yìí, mo ṣì ń sọ ọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, màá lọ béèrè." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Oògùn yẹn máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Ká ní wọ́n wá sọ fún wa ni, à bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò tó nǹkan rárá."

Ì bá sàn kí dókítà gbá a létí. "Kò tó nǹkan" yẹn ló gún un lọ́kàn jù.

Ẹnikẹ́ni kò lé e. Bóyá ká ní wọ́n lé e, ara ì bá tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Àǹtí padà sílé, ó ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara padà. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó máa ń jókòó ti Ọ̀gá-Ò-Sí-Ńlé, a máa júwe ibi tí yóò gé fún un. Nígbà mìíràn tí ọ̀rọ̀ bá sú u, á fẹ́ nawọ́ gba àlùmọ́gàjí, ọwọ́ kò ní lọ, á wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ọmọ rẹ̀ kì í lè wò.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ oògùn. Olùkọ́ bi wọ́n pé, "Aláìsàn kan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ bá a pé ó ti rọlẹ̀. Kí lẹ ó ṣe?"

"Ká dá oògùn dúró, sà!" ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. "Oògùn ló mú un rọlẹ̀. Ẹ dá a dúró, yóò tún gòkè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ má baà gbàgbé."

Gbogbo wọn ń kọ ọ́. Dókítà Kékeré nìkan ni kò kọ nǹkan kan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìdáhùn tí ọmọkùnrin yẹn fún wọn, ẹ̀rín lásán ló dá sílẹ̀ nínú kíláàsì.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì lọ béèrè. Ojú lè tì yín díẹ̀, ìtìjú á sì lọ. Apá Àǹtí kò padà.