Ẹni Tí Yóò Kan Ọkọ́ sí Sàréè Bàbá

“Jáde! Mo ní kí o jáde nínú ilé bàbá mi! Ọmọ àlè!”

Bí Múyì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, ní Abà Olóbì lẹ́yìn Àkànràn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ọláníran, ló ń bá wí. Ó ti kó ẹní, ìkòkò àti ìwé àwọn ọmọ dà sí ojúde, omi sì ń ṣàn lórí wọn.

“Àǹtí mi, kí ni mo ṣe?” ni Ọláníran bi í. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Bíríkìlà ni, ó sì ti já bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń kọ́ ilé olówó kan ní Mọ́níyà. Láti ìgbà náà ni ìbàdí rẹ̀ kò ti gba iṣẹ́ mọ́.

“Má pè mí ní Àǹtí! Ìyá wa bínú lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Lálúpọn. Ìgbà tó fi máa padà dé, oyún rẹ ti wà nínú rẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sí mi létí kó tó kú. Bàbá tó sùn nínú sàréè ojúde yìí kì í ṣe bàbá rẹ!”

Irọ́ ni. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bá obìnrin yìí kẹ́dùn. Nígbà tí ọkọ Múyì lé e wálé tẹrùtẹrù, Ọláníran yìí ló ṣí yàrá fún un, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti ń wá ilẹ̀ rà kiri lọ́nà Àkànràn, Múyì sì ti rí ẹni tí yóò ra ilé náà. Ohun kan ṣoṣo tó dí i lọ́wọ́ ni àbúrò rẹ̀.

Gbọ́njúbọ́lá, aya Ọláníran, kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, bí ìyàwó ilé ti í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná. Ẹ wo àwọn ọmọ.”

“Ta lọkọ rẹ? Ẹlẹ́nu dídùn, oníkùn burúkú! Òun nìkan kọ́ ni ọmọ àlè, ìwọ náà ni aya ọmọ àlè! Kó àkísà rẹ!”

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Níwájú gbogbo àgbà, Múyì gbé Bíbélì lé àtàrí, ó sì búra: “Bí mo bá purọ́, kí n má rí òrùlé fi borí! Kí n máa sùn níta bí ewúrẹ́ tí kò ní olówó!”

Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Ta ni yóò gbé irú ìbúra bẹ́ẹ̀ lé orí ara rẹ̀ bí kì í bá ṣe òótọ́? Ìyá tí wọn ì bá bi léèrè sì ti kú. Baálẹ̀ mi orí, ó ní kí Ọláníran ṣì fi ilé sílẹ̀ títí òtítọ́ yóò fi hàn. Òtítọ́ kì í sáré. Ẹni tó ń dúró dè é lójú òjò ló mọ bó ṣe ń rìn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ sùn, títí àwọn kan nínú ìjọ fi ní àwọn kò fẹ́ kí ìkòkò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ ilé kan tí kò tíì parí. Ọláníran mọ ògiri ilé náà, nítorí òun ló to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ó ní kí wọ́n dìde. Ọláníran kò sọ pé òun lòun kọ́ ọ. Kí ni yóò yí padà?

Ìyá Títíladé ló ṣàánú wọn. Òun ló ni ilé gàrí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà: òrùlé páànù lórí òpó mẹ́rin, kò ní ògiri, ààrò méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń yan gàrí lójúmọ́. “Ẹ máa sùn síbẹ̀,” ló wí, “àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò kí àwọn oníṣẹ́ tó dé.”

Wọ́n ń sùn ti ààrò nítorí eérú ibẹ̀ máa ń gbóná. Ìmọ́jú, á ti tutù. Gbọ́njúbọ́lá á jí, á gbálẹ̀, á di ẹrù, á sì fi omi bọ́jú fún Tìmílẹ́hìn àti àbúrò rẹ̀, Ayọ̀mikún. Èéfín ti wọ inú aṣọ iléèwé wọn débi pé ọṣẹ kò mú un kúrò mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọrin lé wọn: “Ọmọ ilé gàrí! Ọmọ ilé gàrí!”

Àṣẹ kan wà tí Gbọ́njúbọ́lá kò jẹ́ kí wọ́n rú. Ó fi òkúta pẹlẹbẹ kan sí àárín òpó méjì, ó ní ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ẹni bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà níbẹ̀.

“Màámi, kò sí ilẹ̀kùn,” ni Ayọ̀mikún máa ń wí.

“Mo mọ̀. Bọ́ bàtà ẹ.”

Ìyà máa ń mú kí ènìyàn ṣi ìbínú gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ kò kárí. Ọláníran ti àwo sẹ́yìn, ó sì kígbe: “Gbọ́njúbọ́lá! Kí lo dúró ṣe? Ilé bàbá rẹ wà ní Ẹgbẹ́dá! Kó àwọn ọmọ rẹ, kí o lọ! Ṣé ó wù ọ́ kí ayé máa wò mí bí òkú ni?”

“Ẹ jẹ ẹ̀kọ yín, Bàbá Tìmílẹ́hìn.”

“Mo ní kí o lọ!”

“Mo gbọ́. Bí mo bá lọ, wọn á ní ìyàwó pàápàá ti gbà pé ọmọ àlè ni yín. Ẹ jẹun.” Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì sunkún síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Ó ti rẹ obìnrin náà. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Múyì yọ sí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé búrẹ́dì ńlá lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹkùn bá ń rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló ń bá a ṣe! Ó tẹ bàtà rẹ̀ kọjá òkúta wọlé.

“Àbúrò mi dáadáa! Ọláníran ọkọ mi! Ẹ mà kú ìrọ́jú o.”

“Àbúrò ta ni?” ni Ọláníran bi í.

“Ẹ jẹ́ ká fi ìjà sílẹ̀. Mo ti rí ẹni ra ilé, Alhaji Ammar, ará Ajíbọ́dé. Ó ní òun kò lè kọ́lé lórí òkú olóòkú, kí á kọ́kọ́ gbé bàbá kúrò. Bàbá Ṣítù tó ń gbẹ́ sàréè sì takú. Ó ní àfi kí ọmọkùnrin olóòkú fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kan ọkọ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò ní fọwọ́ kàn án. Alhaji náà ní àfi bẹ́ẹ̀.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wá kan ọkọ́ kan ṣoṣo péré. Lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí gbogbo abà bá ti jáde. Mo máa gba yàrá fún yín ní Mọ́níyà. Yàrá tó nílẹ̀kùn!”

Nígbà tí Múyì lọ tán, Ọláníran di orí mú. “Ìyá Tìmílẹ́hìn, ó ti rẹ̀ mí. Yàrá tó nílẹ̀kùn. Jẹ́ kí n kan ọkọ́ náà.”

“Ó rẹ èmi náà,” ni Gbọ́njúbọ́lá wí. “Àmọ́ bí ẹ bá kàn án níkọ̀kọ̀, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín hú bàbá yín, ẹ ṣì tún jẹ́ ọmọ àlè síbẹ̀. Ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ níkọ̀kọ̀ ni.”

Ó fa aṣọ mọ́ra, ó gba ilé Baálẹ̀ lọ. Kò rojọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé: “Baálẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé bàbá wa kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ bá wa wá ṣe àdúrà.”

Ọjọ́ ọjà pé. Abà dá páropáro. Alhaji Ammar dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ọláníran di ọkọ́ mú. Gbọ́njúbọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ṣítù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Baálẹ̀ àti àwọn àgbà yọ láti ẹ̀yìn ilé.

Múyì fò sókè. “Baálẹ̀! Kí lẹ wá ṣe? Ẹ ò lọ sọ́jà ni?”

“Òkú àgbà kì í ṣí nípò láìsí àgbà níbẹ̀,” ni Baálẹ̀ dáhùn. “Ẹ máa báṣẹ́ lọ. Ojú lásán la wá fi wò.”

Bàbá Ṣítù fi ọwọ́ kan ilẹ̀. “Èmi ò mọ̀ ju iṣẹ́ mi lọ o. Kí àkọ́bí olóòkú sún mọ́bí, kó pe orúkọ ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣílẹ̀ sétí sàréè, kí bàbá mọ ẹni tó ń jí òun. Múyì, ìwọ ni àkọ́bí. Ta ni eléyìí?”

Múyì wo Baálẹ̀, ó wo Alhaji. Ètè rẹ̀ gbẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dáhùn o,” ni Alhaji wí. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé àbúrò yín ọkùnrin, ọmọ bàbá yín gan-an, ti fọwọ́ sí i? Bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀, lá ìlàhà! Ẹ dá owó mi padà nísinsìnyí!”

Ìwọra ni ọ̀gá Múyì, ọ̀gá rẹ̀ náà ló sì tà á. Ó tẹríba, ó kùn bí eṣinṣin: “Bàbá, Ọláníran ni.”

“Etí mi kò gbọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ tẹni tó wà nísàlẹ̀!” ni Bàbá Ṣítù ké. “Ọláníran ọmọ ta?”

“Ọmọ yín ni! Bàbá, Ọláníran ọmọ yín ni! Ṣé ó ti tó?!”

Ọláníran jẹ́ kí ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá sàréè, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀. “Ọkọ mi,” ló wí fún Múyì, ohùn rẹ̀ kò ròkè, “kí wá ni ẹ gbé Bíbélì lé orí sọ níjọ́sí?”

“Àjẹ́! Ìwọ lo ṣe èyí! Ìwọ lo dẹ ẹ́ fún mi!”

“Pa ẹnu rẹ mọ́!” Baálẹ̀ ṣán ọ̀pá mọ́lẹ̀. “O fi orúkọ ìyá rẹ tó ti kú purọ́! O lé ọmọ bàbá rẹ sínú òjò, o sì sọ àwa àgbà di òmùgọ̀! Ọláníran, dìde, wọ ilé bàbá rẹ. Ilé yìí kò sí fún títà. Múyì, jáde!”

Alhaji Ammar kò bá a ṣeré. Owó tó ti san ṣáájú ni Múyì ti fi ra aṣọ, tó fi ń ṣe fújà kiri. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àkànràn ni wọ́n tà fi dí i. Ó lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Lálúpọn. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí ọmọ ilé wọn ló purọ́ mọ́. Ẹnu tó ṣépè ti rí ohun tó bèèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Títíladé wá kí wọn. “Ẹni kan ti wà nínú ilé gàrí mi o,” ló wí. “Ó fi aṣọ borí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n yín ni.”

“Kó máa sùn síbẹ̀!” ni Ọláníran wí. “Ṣebí ẹnu ara rẹ̀ ló fi búra!”

“Òótọ́ ni,” ni Gbọ́njúbọ́lá dáhùn. Kò jiyàn. Kò sì ní kí wọ́n pè é wálé, nítorí kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ló ń jinná kíá. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó ká ẹní àtijọ́ tí wọ́n fi sùn láti ìgbà òjò títí dé ọyẹ́, ó sì gbé e fún Tìmílẹ́hìn.

“Gbé e lọ fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Sọ fún wọn pé ààrò tó wà lẹ́yìn ni kí wọ́n sùn tì, òun ni eérú rẹ̀ máa ń pẹ́ gbóná. Kí wọ́n tètè jí o, àwọn oníṣẹ́ gàrí kì í pẹ́ dé.”

Ọmọ náà ti dé ojúde kó tó tún pè é padà.

“Kí wọ́n sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.”